Àlejò ló ń bọ́ wọn, kí ló dé tí wọ́n ń wọ́de lòdì sí àlejò?

Fídíò kan tún ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn ní Ilé-Ifẹ̀. Èrò dúró yí àwọn tábìlì ilé oúnjẹ kan ká, wọ́n ń fi ìbọn omi tí ọmọdé fi ń ṣeré tú omi sára àwọn oyìnbó tó jókòó ń jẹun. Ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ sábẹ́ fídíò náà kò bára mu. Àwọn kan ní adúláwọ̀ ni wọ́n ń lé. Àwọn kan ní owó ti yó àwọn ará Spain, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ta ìpá sí oríire. Àwọn aláwàdà inú wa sì ní bí wọn ò bá fẹ́ àlejò mọ́, kí wọ́n darí wọn sí Ifẹ̀ nígbà Ọlọ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ilé àti owó oṣù ni fídíò yẹn ń sọ. Bí a bá tú u wò dáadáa, ẹnikẹ́ni tó bá ti wá yàrá ní Lágere tàbí Mayfair nínú Ifẹ̀ láìpẹ́ yìí máa rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òun.

Níbo ni fídíò yẹn ti wá, kí ló sì ṣẹlẹ̀?

Barcelona ní Spain ni, ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2024. Barcelona kì í ṣe erékùṣù, ṣùgbọ́n àwọn erékùṣù ni iná ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ ràn lọ́dún yẹn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2024, àwọn ará erékùṣù Canary ti Spain tú jáde, ohun tí wọ́n sì kọ sára pátákó wọn ni pé Canary ní ìwọ̀n ohun tó lè gbà. Ìjọba ka àwọn tó jáde sí nǹkan bí 57,000. Àwọn tó pe ìwọ́de náà ní èrò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, àwọn kan ti ń febi panú ní Tenerife, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Canary, wọ́n ní àwọn ò ní jẹun àfi bí wọ́n bá dá iṣẹ́ dúró lórí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí wọ́n ń kọ́ ní La Tejita àti ibùdó ìgbafẹ́ olówó ńlá kan létí òkun Adeje. Ní oṣù karùn-ún àti oṣù keje ọdún náà, ó kan Palma tó jẹ́ olú ìlú erékùṣù Mallorca. Ní 2025, àwọn ará Canary tún jáde, nígbà tó sì di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún yẹn, àwọn ìlú kan ní Spain, Portugal àti Italy jọ wọ́de lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú mọ́ àwa lójú níhìn-ín ni pé Canary yìí kan náà ni ọkọ̀ ojú omi àwọn tó ń gba Senegal àti Mauritania sá lọ sí Yúróòpù máa ń gúnlẹ̀ sí. Àwọn tó gúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lé ní 46,000 ní ọdún 2024. Àríyànjiyàn wà lórí tiwọn náà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àwọn tí ìwọ́de yìí ń bá wí ni àwọn tó fi bàálù wá gbafẹ́, àwọn wọ̀nyẹn sì lé ní mílíọ̀nù 17 ní Canary nìkan lọ́dún kan náà.

Báwo ni àwọn erékùṣù yìí ṣe ń jẹun?

Spain ló ni Canary, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Áfíríkà ló wà, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà péré sí etíkun wa níbi tó ti súnmọ́ wa jù. Erékùṣù mẹ́jọ ni àwọn ènìyàn ń gbé níbẹ̀. Bí a bá kó gbogbo ilẹ̀ wọn jọ, kò tó ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà ni òfin sì dáàbò bò, àwọn òkè tó ń yọ iná rí àti igbó tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 2.2.

Òòrùn àti etí òkun ni ọjà tí wọ́n ń tà. Nígbà tí yìnyín bá ń bọ́ ní Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ara máa ń móoru ní Tenerife. Nítorí náà, nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé Canary ló ti ọwọ́ arìnrìn-àjò afẹ́ wá, nǹkan bí iṣẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló sì so mọ́ wọn. Ní Balearic, àwọn erékùṣù Spain mìíràn níbi tí Mallorca àti Ibiza wà, ọwọ́ tí wọ́n fi gbára lé àlejò tún wúwo jù bẹ́ẹ̀.

Ìgbà àrùn Kòrónà ni wọ́n rí bí gbígbára lé nǹkan kan ṣoṣo ṣe rí. Àlejò mílíọ̀nù 83.5 ló wọ Spain ní ọdún 2019. Ní 2020, mílíọ̀nù 18.9 ni wọ́n rí. Hòtẹ́ẹ̀lì tì, àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò tẹ́lẹ̀ sì wá ń tò gba oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní Mallorca. Wọ́n kọ́fẹ padà kíákíá: nǹkan bí mílíọ̀nù 94 ló wọ orílẹ̀-èdè náà ní 2024. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń wọ́de kò sọ pé kí àlejò má wá mọ́ rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé àlejò yẹn ni wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún.

Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé owó ń wọlé, ó sì ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ilé wọn kò rọrùn. Lọ́dún 2023, wọ́n ka nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ní Canary mọ́ àwọn tí òṣì rọ̀gbà yí ká, ọ̀kan nínú èyí tó burú jù ní gbogbo Spain.

Báwo ni ẹni tó wá sùn ọjọ́ méje ṣe ń gbé owó ilé sókè?

Ibí yìí ni àlàyé tó ń yí kiri lórí fóònù ti máa ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹjọ́ wà.

Ká sọ pé fúláàtì oníyàrá méjì kan wà tí nọ́ọ̀sì kan ń san 900 yúrò lé lórí lóṣù. Bí onílé bá gbé fúláàtì náà sórí Airbnb, ìkànnì tí wọ́n fi ń yá àlejò ní ilé fún ọjọ́ díẹ̀, tó ń gba 120 yúrò ní òru kan, òru mẹ́jọ ti ju owó oṣù kan tí nọ́ọ̀sì ń san lọ. Kódà bí ilé bá ṣófo ní ìdajì oṣù, ó ti jèrè. Kò sí ìbínú kankan láàárín òun àti nọ́ọ̀sì o. Ìṣirò lásán ni. Bí onílé kan bá ṣe é, kò sí nǹkan. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá ṣe é ní ìlú tí ilé kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn fúláàtì tó kù fún ará ìlú á dín, àwọn tó ń wá a á pọ̀, owó á sì gòkè fún gbogbo ayálégbé, títí kan ẹni tí onílé tirẹ̀ kò mọ Airbnb rárá.

Irú ilé onígbà díẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní shortlet ní Èkó. Ó yàtọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì, torí hòtẹ́ẹ̀lì kì í gba ilé tí ẹbí lè gbé. Ìyàtọ̀ yìí ló fa ìjà tó wà láàárín àwọn onílé shortlet àti àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì, tí kálukú ń na ìka sí ẹnìkejì.

Yàtọ̀ sí shortlet, àwọn kan ń ra ilé pátápátá. Ọmọ Jámánì tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ ilé ìsinmi, á wá pẹ̀lú owó tó kó jọ ní ìlú tí owó oṣù ti pọ̀. Ní Balearic, nǹkan bí ilé kan nínú mẹ́ta tí wọ́n ń tà ló ń bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Àwọn kan nínú wọn kì í gbé inú rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lọ́dún. Ìjọba Spain gan-an dá kún un: láti 2013, ẹni tó bá ra ilé tó tó 500,000 yúrò máa ń gba ìwé ìgbélùú. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2025 ni wọ́n tó fòpin sí i.

Ẹ wá wò ó pé apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àpò méjì yìí ti ń kún. Ẹni tó ń san owó ilé ní Palma ń rí owó tirẹ̀ ní Palma. Ẹni tó fẹ́ gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ ń rí owó tirẹ̀ ní Munich tàbí London. Ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná.

Nígbà tí owó ilé bá gòkè níbòmíràn, kọ́lékọ́lé á rí èrè níbẹ̀, wọ́n á kọ́lé sí i, ó sì lè rọlẹ̀. Ní erékùṣù, ibi tí wọ́n máa kọ́ ọ sí kò sí. Òkun ní iwájú, òkè tí òfin dáàbò bò lẹ́yìn. Bí ilẹ̀ bá sì jáde, ẹni tó fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì lè san ju ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé fún tíṣà lọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, láti ìgbà tí ọjà ilé ti ṣubú ní Spain ní 2008, iṣẹ́ ilé kíkọ́ kò padà sí bó ṣe wà. Ìjọba alára kò sì ní ilé púpọ̀ tó ń yá àwọn mẹ̀kúnnù. Ní oṣù kìíní 2025, olórí ìjọba wọn, Pedro Sánchez, sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdá 2.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ilé ní Spain, nígbà tó jẹ́ 14 ní Faransé àti 34 ní Netherlands. Àwọn tó ń gbèjà shortlet kì í jẹ́ kí iye yìí jábọ́ lẹ́nu wọn.

Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Kí ló dé tí iṣẹ́ kò gbọ́ bùkátà?

Iṣẹ́ pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo irú iṣẹ́ tó jẹ́: títẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fífọ abọ́, gbígbé ọtí, wíwa ọkọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú. Àwọn obìnrin tó ń tún yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ṣe ní Spain ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Las Kellys. Ohun tí wọ́n ti ń pariwo láti bí ọdún mẹ́wàá ni pé iye yàrá ni wọ́n ń dá fún àwọn, kì í ṣe iye wákàtí, àti pé ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ti gbé iṣẹ́ náà fún kọngilá tó ń sanwó kéré. Kí ẹnì kan gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, kó pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, kó fọ balùwẹ̀, kó nu ilẹ̀, kó tún bọ́ sí yàrá kejì, bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀yìn àti apá ni wọ́n fi ń san án.

Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fàṣẹ sí ní Spain ní 2024 jẹ́ 1,134 yúrò, ìgbà 14 lọ́dún. Bí fúláàtì bá ti ń lọ sí 900 tàbí 1,000 yúrò, kò sí bí ẹni tó ń gba owó yẹn ṣe fẹ́ dá nìkan gbé. Ìgbà àlejò náà tún wà. Ní Balearic, oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ni ọjà ń yá. Bí òtútù bá dé, hòtẹ́ẹ̀lì á tì, òṣìṣẹ́ á padà sílé dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ibiza ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn gbangba jù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sin olówó àgbáyé ń sùn nínú mọ́tò àti àgọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje 2024, àwọn ọlọ́pàá lé àwọn tó pàgọ́ sí ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Can Rova. Nǹkan bí igba ènìyàn ló wà níbẹ̀, ọmọdé wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ àgbà inú wọn ló sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn tíṣà kan wà tó ń gbé ní Mallorca tí wọ́n ń wọ bàálù lọ kọ́ ọmọ ní Ibiza, nítorí owó bàálù kò tó owó ilé. Dókítà àti ọlọ́pàá tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀ ń wá bí wọ́n á ṣe yẹ̀ ẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di adìẹ bà lókùn nìyẹn. Hòtẹ́ẹ̀lì ń wá òṣìṣẹ́, kò rí. Òṣìṣẹ́ ń wá iṣẹ́, ó rí i, kò rí ibi tó máa sùn. Àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì kan ti wá ń ra ilé tàbí kí wọ́n gbà á fún òṣìṣẹ́ wọn. Ìyẹn dára fún òṣìṣẹ́ wọn o, àmọ́ ọjà kan náà ni wọ́n ti ń mú ilé ọ̀hún.

Owó tún ń gba ẹ̀yìn jáde. Ẹni tó bá ti san owó bàálù, yàrá, oúnjẹ àti ọtí pa pọ̀ láti Manchester, ilé iṣẹ́ tó wà ní ìlú rẹ̀ ló sanwó fún. Ó lè dé Tenerife, kó lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì, kó má ra àkàrà lọ́wọ́ ará ìlú kankan.

Ta ló ń sọ kí ni?

Àwọn tó ń wọ́de kò fẹnu kò lórí gbogbo nǹkan. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n dá hòtẹ́ẹ̀lì tuntun dúró fún ọdún díẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n dí ọ̀nà ilé rírà fún ẹni tí kì í gbé níbẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ àlejò, kí wọ́n fi kọ́lé. Àwọn tí ọ̀rọ̀ omi àti ìdọ̀tí inú òkun jẹ lógún wà pẹ̀lú wọn. Àìtó omi wà lára ohun tó ń mú wọn bínú ní Tenerife, níbi tí ọ̀dá ti mú nígbà tí wọ́n ń pọn omi kún odò ìlúwẹ̀ẹ́ àti pápá gọ́ọ̀fù.

Àwọn onílé shortlet ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní gbogbo wọn kọ́ ni ilé iṣẹ́ ńlá. Opó tó jogún fúláàtì kan wà nínú wọn, owó rẹ̀ ló sì fi ń jẹun pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì tí kò tó nǹkan. Wọ́n tún ní shortlet ń jẹ́ kí owó àlejò wọ àdúgbò, èyí tí hòtẹ́ẹ̀lì kò ṣe. Ilé iṣẹ́ Airbnb ń sọ pé àìkọ́lé tó ni ìṣòro, kì í ṣe àwọn. Àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì ń dá shortlet lẹ́bi, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé fídíò ìbọn omi á lé àlejò. Ìjọba dúró sí àárín, ó fẹ́ owó, ó sì fẹ́ ìbò.

Kí ni wọ́n ti ṣe sí i, ṣé ó sì ṣiṣẹ́?

Ní oṣù kẹfà 2024, olórí ìlú Barcelona, Jaume Collboni, kéde pé àwọn ò ní tún ìwé àṣẹ ṣe fún fúláàtì àlejò kankan nínú 10,101 tó wà nílùú, tí gbogbo rẹ̀ á fi tán ní oṣù kọkànlá 2028. Ó ní owó ilé ti fi ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè láàárín ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù karùn-ún 2025, ìjọba àpapọ̀ Spain pàṣẹ kí Airbnb yọ ilé tó lé ní 65,000 kúrò lórí àtẹ rẹ̀, wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní nọ́ńbà ìwé àṣẹ.

Ní Hawaii, àwọn erékùṣù tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, iná ló bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà síta. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 2023, ìlú Lahaina ní erékùṣù Maui jó, ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kú, ilé tó jó sì lé ní 2,000. Àwọn tí iná lé jáde wá ilé títí, ọwọ́ wọn kò tẹ ilé, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fúláàtì àlejò wà nítòsí. Ní oṣù karùn-ún 2024, olórí Maui, Richard Bissen, dábàá pé kí wọ́n dá nǹkan bí 7,000 nínú wọn padà fún ará ìlú. Àwọn tó ni wọ́n ní òfin àtijọ́ ló gbà á láyè fún àwọn, àti pé àwọn tó ń tọ́jú ilé náà á pàdánù iṣẹ́.

Bermuda, erékùṣù kékeré kan nínú òkun Atlantic, ti dí ọ̀nà ilé rírà mọ́ àjèjì tipẹ́. Ilé olówó gọbọi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn. Venice ní Italy, tí òun náà jókòó sórí omi, bẹ̀rẹ̀ sí í gba 5 yúrò ní 2024 lọ́wọ́ ẹni tó bá wá ní ọjọ́ tí èrò pọ̀ tí kò sùn mọ́jú. Ó ti pẹ́ jù fún ọ̀pọ̀ ará ìlú: nǹkan bí 175,000 ló ń gbé àárín ìlú náà ní 1951, wọ́n ti dín sí 50,000 ní 2022.

Bóyá ó ṣiṣẹ́, ìlú New York ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Oṣù kẹsàn-án 2023 ni òfin ibẹ̀ mú shortlet dáadáa. Hòtẹ́ẹ̀lì gbówó lórí sí i, ṣùgbọ́n owó ilé kò já wálẹ̀. Àwọn tó lòdì sí òfin ní ẹ̀rí nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ ẹ ní ìlú tó ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta kò ṣe é fi wé erékùṣù tí shortlet kó ìpín ńlá nínú ilé rẹ̀.

Kí ló kan Ilé-Ifẹ̀ níbẹ̀?

Òkun ò sí ní Ifẹ̀, arìnrìn-àjò afẹ́ kọ́ ló sì ń bọ́ ìlú. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, pẹ̀lú kòkó tó ti wà kí wọ́n tó dé. Yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962, ó kó wá sí Ifẹ̀ ní 1967, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti lé ní 30,000. Bẹ́ẹ̀dì tó wà ní àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Fájuyì, Awólọ́wọ̀, Mọ́remí, Angola, Mozambique àtàwọn yòókù kò kárí. Ẹni tí kò bá rí bẹ́ẹ̀dì á lọ há mọ́ ọ̀rẹ́ nínú yàrá tirẹ̀, tàbí kó bọ́ sígboro: Asherifa, Damico, Parakin, ọ̀nà Ẹdẹ, títí dé Modákẹ́kẹ́.

Àpò méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà níbí náà. Òbí tó ń san owó yàrá ọmọ rẹ̀ ní Asherifa, Èkó tàbí Abuja ló ti ń rówó, ẹlòmíràn wà ní Canada. Ẹni tó jọ ń wá yàrá náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ni télọ̀ tó ń ránṣọ ní Sábó, tàbí tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń sanwó fún. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Ọ̀ṣun fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ 75,000 náírà. Onílé tó ní ilé yàrá-kọjú-sí-yàrá á wó ògiri, á fi balùwẹ̀ àti kíṣìnì sí i, á sọ ọ́ di self-contain, torí ìyẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́. Ẹbí tó ti ń san yàrá méjì níbẹ̀ á kó lọ síwájú. Owó ilé nìkan kọ́ ni wọ́n sì ń san kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sọ́wọ́: owó éjẹ́ǹtì wà, owó agírímẹ́ǹtì wà, kọ́ṣọ̀n wà, ọdún kan gbáko lẹ́ẹ̀kan náà.

A ní ìgbà tí ọjà ń kú bíi ti Balearic, àmọ́ tiwa kì í sọ ọjọ́ tó máa dé. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ló parí. Ti 2020 gba oṣù kẹta sí oṣù kejìlá, pẹ̀lú Kòrónà lórí rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì, ìyá olóúnjẹ ẹnu géètì, ọlọ́kadà àti awakọ̀ kórópe, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n lára. Owó ilé nìkan ni kò mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé, torí wọ́n ti san án ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pọ̀. Ilẹ̀ Ifẹ̀ ṣì ń nà. Ẹni tí Lágere bá le jù fún lè lọ sí ìta ìlú, ohun tó máa dojú kọ níbẹ̀ ni owó ọkọ̀, èyí tó sì ti di nǹkan ńlá láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní oṣù karùn-ún 2023. Iye símẹ́ńtì náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì 2024, àpò kan kọjá 10,000 náírà níbi púpọ̀, ẹni tó bá kọ́lé pẹ̀lú iye yẹn kò ní gba owó àtijọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá di gbogbo ẹ̀bi ru akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Òmíràn ni pé púpọ̀ nínú àwọn onílé jẹ́ ará ìlú. Bàbá tó fi owó kòkó kọ́lé, tàbí olùkọ́ àgbà tó fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ọ, nínú Ifẹ̀ náà ló ti ń ná owó ilé rẹ̀. Ní Mallorca, apá ńlá irú owó bẹ́ẹ̀ ń fò lọ.

Ẹnu kò kò níbí náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ní onílé ń ká àwọn mọ́. Onílé ní òun ò rí owó bẹ́ẹ̀ rí, ohun èlò ló ń lé òun. Éjẹ́ǹtì ní òun kọ́ ló ń fi iye sí i. Àwọn kan ní kí oníṣòwò wá kọ́ ilé sórí ilẹ̀ iléèwé, kó gbowó rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kó tó dá a padà. Àwọn tó ta kò ó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń wọ́n ju bẹ́ẹ̀dì ìjọba lọ. Ní Ìlẹ́ṣà, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ti di yunifásítì nípasẹ̀ òfin ọdún 2022, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ̀.

Bí àlejò Ọlọ́jọ́ bá pọ̀ sí i, ṣé Ifẹ̀ lè dà bí Ibiza?

Bí nǹkan ṣe wà yìí, ó ṣòro. Nígbà Ọlọ́jọ́, àwọn ọmọ Oòduà máa ń ti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà wá wo Ọọ̀ni nígbà tó bá dé adé Àrè, àwọn kan á ya Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, àwọn kan á kọjá sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní àgbáyé ní 2005, tàbí omi Erin-Ìjẹ̀ṣà. Hòtẹ́ẹ̀lì á kún fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó parí. Onílé tó bá lé akẹ́kọ̀ọ́ tó ti san owó ọdún kan torí àlejò ọjọ́ márùn-ún ti pàdánù. Shortlet máa ń borí níbi tí àlejò bá ń wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀, bíi Canary, tàbí fún oṣù mẹ́fà gbáko, bíi Ibiza.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà tí kò gba ariwo. Ní Barcelona, fúláàtì àlejò tó bá bófin mu ní nọ́ńbà ìwé àṣẹ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí Collboni fi lè pe iye wọn ní 10,101, kì í ṣe nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, tó sì lè dá ọjọ́ tí wọ́n máa tán. Ní Ifẹ̀, láàárín onílé, éjẹ́ǹtì àti ayálégbé ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí, lórí ìwé agírímẹ́ǹtì tí àwọn mẹ́ta náà fọwọ́ sí.